Ọwọ́ Òsì Ni, Ẹ Má Bínú

Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń rán mi lọ. Láti Òyè ni mo ti ń gun ọ̀kadà kiri àwọn ìlú tó yí wa ká. Mo ń wo orí ọmọ bóyá làpálàpá wà níbẹ̀, mo ń wo èékánná, mo ń wo eyín, mo ń pín oògùn aràn. Bí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun mi lókèèrè, ẹ ó gbọ́ ariwo: "Alábẹ́rẹ́ dé o!" Àwọn kan á ti sá sí ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ n kì í gbé abẹ́rẹ́ dání. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti rẹ̀ mí lẹ́nu. Ta ló fẹ́ gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí náà: inú mi máa ń yára ru. Ìyá mi ní ariwo ni mo bá wá sáyé, pé àwọn agbẹ̀bí gan-an ló ń bẹ̀ mí kí n dákẹ́. Ọkọ mi ní òun gbà á gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé mo fi ohùn gíga bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú ìtàn yìí, kì í ṣe ìjà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ojú ni wọ́n ní ká gbájú mọ́. Wọ́n fún wa ní káàdì funfun kan tí wọ́n kọ lẹ́tà E sí lára, E nìkan ṣoṣo, láti orí èyí tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ dé orí èyí tí kò ju èèrà lọ. Wọ́n dojú òmíràn kọ òkè, òmíràn kọ ilẹ̀, òmíràn kọ apá ọ̀tún, òmíràn kọ apá òsì. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà náà lè ṣe é. Àwọn ọmọ ní òòyà eléyín mẹ́ta ni, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Màá lẹ káàdì mọ́ ògiri, màá gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ á dúró lókèèrè. Màá fi igi tọ́ka sí ọ̀kan, màá ní, "Níbo ni eyín òòyà yìí kọjú sí?" Ọmọ á na ọwọ́ síbi tó kọjú sí. Ojú kọ̀ọ̀kan là ń wò. "Fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú ọ̀tún," a ó wo ti òsì. "Ó yá, fi ọwọ́ òsì bo ojú òsì," a ó wo ti ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, èmi náà sì rí i pé kò sí iṣẹ́ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìwé kan ní Ayédé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú ọ̀tún, mo tọ́ka sí òòyà, ó dúró gbagidi. "Na ọwọ́," mo wí. Ó wò mí, ó wolẹ̀. Mo sún un sí èyí tó tóbi jù lọ, èyí tí adìẹ pàápàá lè rí. Ó gbé èjìká kan díẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú òsì kò ríran. A yí i sí ojú kejì, háà, ọmọ yìí ń na ọwọ́ ọ̀tún fatafata: òkè, ilẹ̀, ọ̀tún, òsì, títí dé orí èyí tó dà bí èèrà. Ọmọ kejì, bákan náà. Ìkẹta na ẹnu sí òkè, ó ṣù ú jọ. Mo ní, "Ta lò ń yọ ṣùtì sí?" Ọmọ bú sẹ́kún. Ìkẹrin fi orí júwe, orí náà sì ń lọ síbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n fi máa lu agogo ìsinmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kíláàsì náà ni ojú òsì wọn kò ríran.

Àyà mi já. Mo jókòó, n kò lè jẹ búrẹ́dì tí mo gbé wá. Mo ro omi kànga wọn, mo ro oògùn tí wọ́n ń fín sára kòkó, mo ro àìsàn tí n kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo lọ sọ fún ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ìyáàfin kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, tí kì í fẹ́ wàhálà rárá. Mo ní kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wa ná, kí n fi tó àwọn ọ̀gá mi létí. Ó ní ó dáa. N kò tíì gun ọ̀kadà tán tó fi fi í ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí fóònù pé nọ́ọ̀sì ní ojú òsì àwọn ọmọ wa ti ń kú lọ.

Ọ̀rọ̀ kì í fẹsẹ̀ rìn ní agbègbè wa, ọ̀kadà ló ń gùn. Ó dé Òyè ṣáájú mi. Ẹni tó ń ta ẹ̀pà ní ibùdókọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi bíi pé ó jẹ́ ìròyìn tuntun: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tó ń bá ojú àwọn ọmọ Ayédé jà?" Àwọn kan ní fóònù ló fà á. Àwọn kan ní mínírà aláwọ̀ pupa ni. Àwọn kan ní ayé ni, wọ́n sì ń wo ìyá arúgbó kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìyá ọmọ kan ti ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì, ó ti kán an sí ojú ọmọ náà méjèèjì. Ṣọ́ọ̀ṣì kan kéde ààwẹ̀. Ìdílé kan tó ń bọ Ògún ní ọmọ àwọn kò ní dé iwájú káàdì náà mọ́, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ káàdì ọ̀hún gan-an ló ń fọ́ ojú.

Nígbà tí mo padà lọ, àwọn òbí ti kún ọgbà ilé-ìwé. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, bàbá kan ti dúró níwájú mi. Àgbẹ̀ kòkó ni, aṣọ oko ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ń fi rọ́bà ta ẹyẹ lókè igi, ẹyẹ ń já bọ́. Ẹ̀yin ní ojú rẹ̀ kú. Ó dáa. Èmi ni mo bí i. Ẹ wo tèmi ká rí i."

Mo ní kò burú. Mo lẹ káàdì mọ́ ògiri, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá dúró lókèèrè. "Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú ọ̀tún." Ó bò ó. Mo tọ́ka. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló gbé e kọ́ ọ lápá. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, nọ́ọ̀sì, òsì ni," ó sì na ọwọ́ òsì sí òkè. Ó gbà á. Mo tọ́ka sí òmíràn. "Òsì ni o, ẹ má bínú." Ilẹ̀. Ó gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá yìí ń tọrọ àforíjì lọ títí dé orí èyí tó kéré jù, kò sì ṣi ọ̀kan. Àwọn ọmọ tó kún ojú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá na òsì sí nọ́ọ̀sì!"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Yéè! Èmi, ọmọ bíbí Èkìtì, tí ìyá mi fi orógùn gbá lọ́wọ́ nítorí pé mo fi òsì gba ẹran! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ǹjẹ́ ọmọ wo ló máa wá na òsì sí àgbà tó wọ funfun, tó jókòó síbi tí ọwọ́ ń tọ́ka sí? Bí mo bá ti ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú, òsì nìkan ló kù fún wọn láti nà, wọn kò sì jẹ́ nà án. Ojú wọn ríran ketekete. Ẹ̀kọ́ ilé ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ọmọ tó na ẹnu sókè níjọ́sí, tí mo ní ó ń yọ ṣùtì, ó gbà á. Mo lọ bá a, mo bẹ̀ ẹ́, mo fún un ní búrẹ́dì mi.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún àwọn òbí, ẹ̀rín pa wọ́n. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́: "Háà, nọ́ọ̀sì! Ẹ fẹ́ pa wá!" Bàbá àgbẹ̀ kòkó yẹn ní kí wọ́n gbé òun ṣe dókítà. Kí n tó ní kí wọ́n dúró kí n tún gbogbo ojú wò, ọ̀gá àgbà ti bọ́ síwájú, ó ti kígbe pé, "Kò sí nǹkan kan! Gbogbo ojú ló dá ṣáká! Ẹ máa lọ sí ibi iṣẹ́ yín!" Wọ́n sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ Nọ́ọ̀sì Ọlọ́wọ́ Òsì ní Ayédé, títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bí mo bá fẹ́ ra iṣu, ẹni tó ń tà á á ní, "Òsì lẹ fẹ́ fi san án ni àbí ọ̀tún?"

Mo tún wọn wò ṣá. Mo gé páálí, tíṣà wọn ń fi í bo ojú ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ọmọ wà lófìfo. Iṣẹ́ wá yá. Ọmọ ń bọ́ síwájú, ọmọ ń lọ, ojú òsì ń rí ohun tí ojú ọ̀tún rí. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Ó wá kan ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹta. Ọmọ tín-ínrín, tí epo pupa ti rin iwájú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ débi tí ọṣẹ kò ràn án mọ́. A bo ojú òsì, ó na ọwọ́ dáadáa. A bo ojú ọ̀tún. Mo tọ́ka sí òòyà tó tóbi jù. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí òkè. Ilẹ̀ ni. Mo tọ́ka sí òmíràn, ó tún na òkè. Mo ní, "Ṣé o rí òòyà yẹn ṣá?"

Ó ní, "Òòyà dà, mà?"

Mo mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sójú rẹ̀. Láàárín dúdú ojú òsì náà, nísàlẹ̀ pátápátá, nǹkan funfun kan wà níbẹ̀, bí omi ògì tó kán sínú omi. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn kò ní rí i. Mo bi í léèrè, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní lásìkò ọyẹ́ kan, àwọn ń fi rọ́bà ta ẹyọ ìgbálẹ̀ síra àwọn, ọ̀kan bà á lójú. Ojú náà pọ́n, ó sì jinná. Kò sọ fún ìyá àgbà rẹ̀, nítorí pé ìyá àgbà ti ní kó má bá wọn ṣeré ìgbálẹ̀ títa. Mo ní ìgbà wo ni kò ti fi í ríran mọ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Ó gbọ́ mi tán, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ ná, ó di sáà tó ń bọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi pa iná yìí ni. Bí ẹ bá tún ní ojú ẹnì kan kò ríran, wọn á ní ẹ ń wáṣẹ́ ṣe."

Inú mi ru ṣùù. Mo ní, "Mà, èwo ni kí n fi sílẹ̀, ojú ọmọ ni àbí ẹnu àwọn òbí?" Ó gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Abẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé náà ni mo ti pe dókítà ojú kan tí mo mọ̀ ní ilé-ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó. Mo sọ ohun tí mo rí. Ó ní wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n yọ nǹkan funfun náà. Ṣùgbọ́n ó ní ojú ọmọdé kò dà bíi ti àgbà. Bí ó bá pẹ́ jù nínú òkùnkùn, ọpọlọ á gbàgbé ojú náà pátápátá, nígbà náà kò sí abẹ tó lè jí i mọ́. Ó ní ó lè ti pẹ́ jù báyìí, òun kò lè sọ. "Ẹ ṣáà tètè mú un wá." Mo fi fóònù sápò. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ojú kan ń kú lọ lórí ọmọ tó ń bẹ láàyè, àti pé èmi tí mo mọ̀ náà ni gbogbo ìlú ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ni ọmọ náà ń gbé. Epo pupa ni ìyá náà ń tà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Òyè, níbi tí àwọn onítakisí ti ń dúró ra epo gbé lọ sílé. Ó rí mi lókèèrè. "Nọ́ọ̀sì Ọlọ́wọ́ Òsì! Ẹ kú uṣẹ́ o! Ṣé ulé ẹ̀ ń lọ?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dé láti ilé-ìwé, ó ń to ìgò.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Mo ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ ojú ọmọ yìí ni mo bá wá."

"Ojú wo tún ni? Ẹ̀yin náà lẹ ní òsì ló fà á."

"Ti àwọn yòókù ni, Ìyá. Tirẹ̀ kì í ṣe òsì."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́. Nínú gbogbo ọmọ ilé-ìwé yẹn, kò sí èyí tó gbẹ̀kọ́ tó èyí. Nígbà tó wà ní kékeré, òsì ló fẹ́ máa fi ṣe gbogbo nǹkan. Òsì ló fi ń mu ẹ̀kọ, òsì ló fi ń kí èèyàn. Èmi ni mo fi àkísà di ọwọ́ náà mọ́ ọn lára, títí ó fi gbàgbé rẹ̀. Lónìí, kò jẹ́ na òsì sí ajá. Tí ẹ bá wá ní kó fi òsì júwe òòyà, ó máa dákẹ́ fún yín ni! Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ lẹ fẹ́ sọ di àìsàn?"

Mo ṣàlàyé páálí. Mo ṣàlàyé nǹkan funfun. Mo ṣàlàyé Ìdó. Ó ní bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ojú kan làdá ní, ó sì ń ṣán oko. Ó ní òun kò lè gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ fún wọn kí wọ́n fi abẹ gún un lójú nítorí káàdì tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Oníbàárà kan dé, ó fẹ́ epo ìgò kan. Ìyá ní kí ọmọ rọ ọ́. Ọmọ bu epo sínú agolo, ó gbé e sókè ìgò, ó dà á. Epo gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn ìgò, ó ṣàn sílẹ̀, ó tún ta sí i níwájú aṣọ. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá ti fi eegun ìka kàn án lórí, kó! "Ojú ẹ dà? Ojoojúmọ́! Ẹ wò ó, nọ́ọ̀sì, àléébù rẹ̀ kan náà nìyẹn. Wàdùwàdù. Mo ti nà án títí, kò gbọ́. Kò sígbà tó rọ epo tí kò ní ta á sílẹ̀."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn mú àkísà, ó ń nu ilẹ̀, bí ẹni tí ó ti mọ́ lára. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Mo dìde. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin ẹ rọ ọ́."

"Èmi?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ ní epo rírọ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta epo, n kò fi àrọ sẹ́nu ìgò rí. Ẹ bi wọ́n." Òótọ́ ni. Àwọn awakọ̀ náà jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní ìyá máa ń gbé agolo sókè réré ni, epo á sì wọlé bí òwú tó wọ ojú abẹ́rẹ́.

Mo ní, "Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ bo ojú yín kan, kí ẹ wá rọ ọ́."

Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Ìyá rí i pé wọ́n ń wò, ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó ní kí n bò ó. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo ojú òsì rẹ̀. Ó bu epo, ó gbé agolo sókè réré bó ṣe máa ń gbé e, ó dà á. Epo kò fojú kan ẹnu ìgò. Ìka tó fi di ìgò mú ló dà lé lórí, ó ṣàn dé igbúnwọ́, ó kán sórí ìró rẹ̀.

Awakọ̀ kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kejì ní kó dákẹ́.

"Ẹ mì mí lọ́wọ́," ìyá wí. N kò mì í. Ó tún bu òmíràn. Ó sọ agolo kalẹ̀ díẹ̀ sí i, ó ń wá ẹnu ìgò pẹ̀lú ojú tó kù. Ó dà á. Ó tún gba ẹ̀gbẹ́. Nígbà kẹta, kò dà á mọ́. Ó gbé ẹnu agolo lé ẹnu ìgò gan-an, wọ́n ń kan ara wọn. Ó gbé agolo náà sílẹ̀.

Mo ká ọwọ́ mi kúrò. Ó yí ojú sí ọmọ náà. Ó wo iwájú aṣọ rẹ̀, gbogbo àbàwọ́n epo ibẹ̀, ti tuntun àti ti àtijọ́. Ó ní, "Bó ṣe ń rí i nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Ó na ọwọ́, ó gbé e lé orí ọmọ náà, ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. "Gbogbo èyí tí mo ti kàn ọ́ lórí yìí," ó ní. "Mo ní ojú ẹ dà. Mo ń bi ọ́ pé ojú ẹ dà." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì lè nu ojú nítorí epo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ló fi etí aṣọ ilé-ìwé nù ún fún un. Àánú wọn ṣe mí débi tí mo gbàgbé pé mo ń bínú. Nígbà tó yá, ìyá fa imú, ó ní, "Ọjọ́ wo là ń lọ sí Ìdó?"

Bàbá ọmọ náà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ́kọ́ jiyàn lórí fóònù. Ó ní òun ti gbọ́ nípa nọ́ọ̀sì náà, pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyá ní, "Ìwọ lo bí i, èmi ni mo ń rí i," ó sì pa fóònù. Bàbá náà ló wá sanwó gbogbo rẹ̀ nígbẹ̀yìn, kò sì ráhùn.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, wọ́n yọ nǹkan funfun. Dókítà ní kí a má tíì yọ̀. Ó ní ojú ti mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ ló kù, bóyá ó ṣì rántí. Wọ́n fún ọmọ ní gíláàsì, wọ́n ní kí wọ́n máa fi plásítà bo ojú tó dára fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kí èyí tí ń sùn lè jí ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é ní Ojú Plásítà. Ó já plásítà sọnù nígbà kan, ìyá wá a kàn nínú koríko, ó tún un lẹ̀. Bí mo bá kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án, màá bá àwọn méjèèjì níwájú ìsọ̀, ọmọ ń rọ omi láti inú agolo sínú ìgò, omi ń ta sílẹ̀, ìyá ń wò ó, kò sọ nǹkan kan. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó ti ń dára sí i. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, n kò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í." Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Nígbà tí ọjọ́ tí dókítà dá fún wa pé, mo bá wọn lọ sí Ìdó. Ìyá wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì ojú kan, ọ̀dọ́mọbìnrin, ló gbà wá, ó kí ìyá dáadáa lórí ìkúnlẹ̀. Irú káàdì mi gan-an ló wà lára ògiri wọn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú igi rẹ̀, ó sì sọ fún ọmọ náà pé, "Ó yá, fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú ọ̀tún."

Mo la ẹnu láti sọ fún un. Ó ti tọ́ka sí òòyà tó tóbi jù.

Ọwọ́ òsì ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Nọ́ọ̀sì ní, "Na ọwọ́, má bẹ̀rù." Kò na nǹkan kan. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí, pé a ti pẹ́ jù. Ọmọ náà yí orí, kò wo káàdì mọ́, ìyá àgbà rẹ̀ ló ń wò. Ìka ọwọ́ òsì náà fẹ́ nà lára aṣọ rẹ̀, ó tún ká wọn padà.

Ìyá ló kọ́kọ́ rí i. Ó fò dìde lórí bẹ́ǹṣì, báàgì rẹ̀ já bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Na òsì!" ó kígbe. "Èmi ni mo ní kí o nà án! Nà án sí wọn, ọmọ mi, nà án!"

Ọmọ náà tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ má bínú, mà, òsì ni," ó wí, ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ilẹ̀.

Mo wo káàdì. Ilẹ̀ ni eyín òòyà náà kọjú sí.